Sítíárìn Láìsí Dẹ́rẹ́bà

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ló sọ sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wa gbé sítíárìn àlòkù kan wọ yàrá, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe géèmù eré ìje ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. A so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Iná rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀rọ mìíràn ni kọ̀ǹpútà ń pè é. A yí i títí, ọkọ̀ inú géèmù kò yà bó ṣe yẹ. Níbi tí a ti ń wá ojútùú ni a ti bá ìtàn kan pàdé, ìtàn náà sì kàn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Gbogbo ẹ̀rọ tí a ń fi USB so mọ́ kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà méjì: ọ̀kan ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, èkejì ń sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni kọ̀ǹpútà ń wò, bí ẹni ń wo ilé ọmọ, kó tó yan ètò tí yóò máa bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Driver ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà náà ni ní èdè tiwa. Sítíárìn tí kò bá ní dẹ́rẹ́bà tó mọ̀ ọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ike lásán. Ta wá ló ń kọ dẹ́rẹ́bà náà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà níbẹ̀ tí bébà máa ń há sí nínú. Ó fẹ́ tún ètò ẹ̀rọ náà kọ, kó lè máa ta àwọn tó ń lò ó lólobó bí bébà bá há. Ẹni tó ní kóòdù rẹ̀ lọ́wọ́ kò fún un, nítorí ó ti ṣèlérí pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Stallman wọra. Ní oṣù Kẹsàn-án 1983, ó kéde iṣẹ́ GNU: ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè kà, kí ó tún ṣe, kí ó sì pín fún ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kẹjọ 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, kéde pé òun ń kọ ètò kan fún ìgbádùn ara òun. Ó ní ó ṣeé ṣe kó má bá hard disk mìíràn ṣiṣẹ́ láéláé, àfi irú èyí tí òun ní. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́ ni Linux mọ̀. Bí ó sì ṣe ń gbòòrò láti ìgbà náà nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà: ẹni tó ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ ló ń jókòó kọ dẹ́rẹ́bà rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti sítíárìn. Èyí tó dáa máa ń fa ọwọ́ ẹni nígbà tí ọkọ̀ bá ń gba kọ́nà. Ní oṣù Kẹrin 2001, Johann Deneux kọ àlàyé sínú Linux lórí bí a ṣe ń fi agbára yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Anssi Hannula tún un ṣe ní 2006. Ní oṣù Kínní 2007, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Linux, kéde pé àwọn yóò kọ dẹ́rẹ́bà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé iṣẹ́ yòówù tó bá ṣàlàyé bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àwọn sítíárìn kan tilẹ̀ ń fi orúkọ bò. G27 ti Logitech lè yí dé 900 dígírì, ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ so ó, nọ́ńbà Driving Force, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń fi hàn, kí àwọn géèmù àtijọ́ lè dá a mọ̀. Nǹkan bí 200 dígírì péré ni kọ̀ǹpútà yóò máa kà. Nínú dẹ́rẹ́bà lg4ff, tí Simon Wood bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ni Linux ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún un kó tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ti Thrustmaster jọ ọ́: orúkọ kan náà ni onírúurú sítíárìn wọn ń jẹ́ nígbà tí a bá kọ́kọ́ so wọ́n. Dẹ́rẹ́bà tí Dario Pagani kọ, tó wọ Linux 5.13 ní 2021, ló ń bi wọ́n léèrè pé, "Èwo nínú yín ni ọ́?"

Tiwa náà yanjú. Linux àtijọ́ ló wà lórí kọ̀ǹpútà wa. Nígbà tí a gbé tuntun sí i, sítíárìn náà jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ sì yà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ wo àkójọ kíbọ́ọ̀dù inú Linux kan náà. Lábẹ́ Nàìjíríà, ẹ ó rí Yorùbá níbẹ̀. Kò já bọ́ láti ọ̀run. Ẹnìkan ló jókòó kọ ọ́ síbẹ̀. Síbẹ̀, àwa tí à ń kọ́ Yorùbá ń tẹ iṣẹ́ wa láìfi àmì sí i, a sì ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni kò mọ èdè wa. Torvalds bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èdè ló wà lọ́wọ́ tiwa. Bí a kò bá kọ ọ́ síbẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni wọn yóò máa fi pè wá.