Ìwòsàn Ìjọba àti Ìlànà Sósíálíìsì: Ẹ̀rí láti Jos

Ìwòsàn ìjọba ni ètò tí ìjọba fi ń ná owó ìlú sórí ìtọ́jú aláìsàn, ìbáà jẹ́ ìjọba ló ni ilé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ pé ó kàn ń san owó fún ẹni tó ni ín. Ìlànà sósíálíìsì ní tirẹ̀ ni ètò ọrọ̀ ajé tó ní kí ilẹ̀, kùsà, báǹkì àti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà lọ́wọ́ gbogbo ìlú, kí èrè wọn má sì bọ́ sápò ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀, tí wọ́n á ní orílẹ̀-èdè tó bá ti ń tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ti sósíálíìsì. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn, ìtàn ìlú Jos ní Ìpínlẹ̀ Plateau kò sì gbè wọ́n rárá.

Oṣù Kejì ọdún 1962 ni Action Group, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ṣe àpérò gbogbogbòò rẹ̀ ní Jos. Ẹgbẹ́ náà ń wá ẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn ará Middle Belt, ó sì ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ UMBC ti Joseph Tarka. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba sósíálíìsì tó bá ìjọba tiwa-n-tiwa mu gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹgbẹ́. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, aṣíwájú ẹgbẹ́, ló ń gbé e lárugẹ. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ tó tún jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kò fara mọ́ ọn. Òun àti àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí àpérò tó parí. Ayọ̀ Rosiji pàdánù ipò akọ̀wé àgbà, Samuel Ikoku sì gbà á. Kí oṣù Karùn-ún tó parí, ìjà ti bẹ́ nílé aṣòfin ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde ìjọba pàjáwìrì. Ìjà agbára ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú àríyànjiyàn bóyá kí ẹgbẹ́ bá àwọn tó ń ṣèjọba àpapọ̀ da ìjọba pọ̀, ṣùgbọ́n ìlànà tuntun yìí wà lára ohun tó là wọ́n sí méjì.

Ìwòsàn ọ̀fẹ́ kọ́ ni wọ́n jà lé lórí. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ sósíálíìsì ní Jos ni ìjọba Action Group ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Owó orí tí wọ́n bù lé aráàlú fún ẹ̀kọ́ àti ìlera bí àwọn èèyàn nínú débi pé NCNC, ẹgbẹ́ tó ń bá wọn díje, fìdí wọn rẹmi ní agbègbè tiwọn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Oko kòkó tó ń mú owó wọlé, àwọn àgbẹ̀ ló ni ín. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ń ṣòwò wọn lọ. Àwọn ọlọ́jà ń ná ọjà wọn. Ìwòsàn ọ̀fẹ́ ti wà nílẹ̀ nígbà náà, ìlànà sósíálíìsì kò tíì dé. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí nìkan tó láti fi dáhùn ìbéèrè náà.

Ilẹ̀ Jos fúnra rẹ̀ tún ní ẹ̀rí mìíràn, èyí tó korò. Tánganran ló sọ Jos di ìlú ńlá, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó ló sì ń wà á, Amalgamated Tin Mines of Nigeria sì ni àgbà wọn. Nígbà tí àwọn ará Japan gba Malaya nínú Ogun Àgbáyé Kejì, tánganran ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún 1942 sí 1944, ìjọba amúnisìn fi agbára kó nǹkan bí 100,000 ọkùnrin láti Àríwá wá wa kùsà ní òkè Jos. Ọ̀pọ̀ wọn kú sínú àgọ́. Ìjọba kan náà yìí ló ń kọ́ ilé ìwòsàn káàkiri Nàìjíríà, tó ń fi owó orí san owó dókítà àti nọ́ọ̀sì, tó sì ya wọ́ọ̀dù òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ti aláwọ̀ dúdú. Bó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn ìjọba ló ń sọ ilẹ̀ di ti sósíálíìsì, àfi kí á pe amúnisìn náà ní sósíálíìsì. Ta ló ni kùsà, ta ló ń jẹ èrè rẹ̀? Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ẹ̀rí wà nílẹ̀ òkèèrè náà. Ní Jámánì, Otto von Bismarck, olórí ìjọba, ló gbé ètò adójútòfò ìlera òṣìṣẹ́ kalẹ̀ lọ́dún 1883, lẹ́yìn tó ti fi òfin ka ẹgbẹ́ àwọn sósíálíìsì léèwọ̀ lọ́dún 1878. Ó fẹ́ fi ètò náà fa ojú àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lára wọn. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀, nítorí sósíálíìsì pọ́ńbélé ni Aneurin Bevan, mínísítà tó dá NHS, ètò ìwòsàn gbogbo ìlú, sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948. Ó ti wa èédú rí ní Tredegar, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń dá owó jọ fún ìtọ́jú ara wọn. Ìjọba tó ti jẹ́ mínísítà gba èédú àti ọkọ̀ ojú irin sọ́dọ̀ ìlú pẹ̀lú. Nígbà tó yá, ìjọba Margaret Thatcher ta tẹlifóònù àti gáàsì, ẹni tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì ta èédú àti ọkọ̀ ojú irin. NHS kò kúrò. Èyí tó jẹ́ sósíálíìsì ti lọ, ìwòsàn ṣẹ́ kù, kò sì sẹ́ni tó ń pe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì òní ní orílẹ̀-èdè sósíálíìsì. Ó yẹ kí á gbà fún àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀ pé àwọn sósíálíìsì ló jà jù fún ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, Awólọ́wọ̀ náà wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ jà fún nǹkan kò sọ nǹkan náà di tirẹ̀ nìkan.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú pátápátá. Mathieu Kérékou, olórí ilẹ̀ tí à ń pè ní Benin lónìí, kéde lọ́dún 1974 pé ìlànà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé, ó sì sọ ọ́ di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Aráàlú ti Benin lọ́dún 1975. Lábẹ́ ìjọba yẹn gan-an, ní Pahou, ni wọ́n ti dán an wò pé kí aláìsàn máa sanwó oògùn kí ilé ìwòsàn abúlé lè dúró. Ìrírí ibẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe Ìpinnu Bamako ti ọdún 1987. Ní Gánà, Jerry Rawlings dé pẹ̀lú ariwo ìyípadà fún mẹ̀kúnnù, síbẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni owó ilé ìwòsàn ti lọ sókè lọ́dún 1985. Ìjọba John Kufuor, tó fẹ́ràn ọjà òmìnira, ló ṣe òfin adójútòfò ìlera gbogbo ìlú lọ́dún 2003. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìṣèlú tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé kalẹ̀ dámọ̀ràn ìlànà sósíálíìsì lọ́dún 1987. Ìjọba kọ̀ ọ́. Ìjọba tó kọ̀ ọ́ yìí, tó ń ṣe ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti ti jẹ́ mínísítà ìlera tó gbé ìlera alábọ́ọ́dé àti abẹ́rẹ́ àjẹsára dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀.

Ní Jos òní, oríṣiríṣi olówó ló ni ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Jos (JUTH) jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, Plateau State Specialist Hospital jẹ́ ti ìpínlẹ̀, àwọn àgùdà ló ni Our Lady of Apostles. Evangel, tí àwọn míṣọ́nnárì SIM ṣí lọ́dún 1959, ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọ ECWA, ó sì ti di Bingham University Teaching Hospital. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé nọ́ọ̀sì Laura Wine, tó ní àrùn tí a wá mọ̀ sí ibà Lassa, wá láti ìlú Lassa lọ́dún 1969, ibẹ̀ ló kú sí. Dókítà Jeanette Troup, tó ń wá ohun tó ń pa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, kú sínú àrùn kan náà lọ́dún 1970. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń mú kí ìjọba tó fẹ́ràn ọjà òmìnira pàápàá náwó sórí ìlera, nítorí ibà Lassa kì í mọ ẹni tó lówó yàtọ̀.

Àmọ́ kí ilé ìwòsàn jẹ́ ti ìjọba kò sọ pé ìjọba ló ń sanwó. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, ìdílé aláìsàn yóò ra káàdì, yóò tò síwájú akápò, yóò mú rìsíìtì lọ sí láàbù, yóò padà wá san ti oògùn. Ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ pàápàá lè jẹ́ tiwọn láti rà. Ó ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlera Nàìjíríà lọ tó ń jáde láti àpò aláìsàn fúnra rẹ̀. Èyí ń dùn mí ju ìjà orúkọ lọ.

Ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005 gba òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Ẹni tó wọlé ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye oògùn. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ń pè ní HMO ló ń gba owó adójútòfò náà, tí wọ́n ń san án fún ilé ìwòsàn. Òfin àjọ adójútòfò ìlera (NHIA) ti ọdún 2022 sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Plateau sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń jẹ́ PLASCHEMA. Òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n lè yọ tirẹ̀ láti inú owó oṣù. Ìyá tó ń ta tòmátò àti ànàmọ́ lójà Jos kò gba owó oṣù. Fún irú rẹ̀ tó bá jẹ́ aláìní, Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí apá kan rẹ̀ sì máa san ìtọ́jú ìpìlẹ̀ wọn.