Gbẹ́rẹ́ Boston, Ọdún 1721

Nígbà tí abẹ́rẹ́ Kòrónà dé Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2021, foonu mi kò sinmi. “Prof, ṣé ká gbà á àbí ká fi í sílẹ̀?” Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, dókítà kọ́ ni mí o. Ìtàn Boston ni mo ń sọ fún wọn.

Ní 1721, ọkọ̀ ojú omi kan láti Barbados gbé ìgbóná wọ ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. (Ìgbóná ni mo pè é, ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà kì í fi í pe orúkọ rẹ̀ gan-an.) Nǹkan bí 11,000 èèyàn ló wà nílùú náà. Àrùn yìí mú 5,889, ó pa 844.

Ẹnu ẹrú ni ọ̀nà àbáyọ ti jáde. Onesimus, ọmọ Áfíríkà tó jẹ́ ẹrú pásítọ̀ Cotton Mather, ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ tipẹ́ pé nílé àwọn, ọyún ara ẹni tí ìgbóná mú ni wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni tí kò tíì ní in. Ó fi àpá ọwọ́ rẹ̀ hàn án. (Ẹ má tíì sọ ọ́ di Yorùbá o, kò sí ẹ̀rí.) Dókítà Zabdiel Boylston gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ọmọ tirẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sín. Inú bí ìlú débi pé ẹnìkan ju bọ́ǹbù sínú ilé Mather.

Àrùn gan-an ni wọ́n ń fi sára, kì í ṣe oògùn. Nínú èèyàn bíi 240 tí wọ́n sín, 6 kú: ìyẹn 1 nínú 40. Nínú àwọn tí àrùn fúnra rẹ̀ mú, 1 nínú 7 kú. Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò tíì pé. Ẹni tí ara rẹ̀ le lónìí lè má kó o rárá. Ó lè sá lọ sí oko. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó kí n kó o? Ní Boston, ó ju ìdajì ìlú lọ tó kó o. Ká tiẹ̀ da gbogbo ìlú pọ̀, nǹkan bí 1 nínú 13 ló kú. Gbẹ́rẹ́ ṣì borí.

Síbẹ̀, William Douglass, dókítà tó tako gbẹ́rẹ́, ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè dà nù: ẹni tí wọ́n sín lè kó o ran aládùúgbò tí kò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Benjamin Franklin wà nílùú náà nígbà yẹn, ọmọ iṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bú àwọn tó ń sín gbẹ́rẹ́. Ní 1736 ìgbóná pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí kò tíì sín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún títí dọjọ́ ogbó. Bí ọmọ bá kú lọ́wọ́ gbẹ́rẹ́, òbí á ní òun lòun fọwọ́ ara òun pa á. Bó bá kú lọ́wọ́ àrùn, a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Franklin ní àbámọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí òbí yáa mú èyí tí ewu rẹ̀ kéré.

Ní ìparí oṣù kẹta 2021, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ AstraZeneca tó ju 20 mílíọ̀nù lọ ní Bìrìtìkó, èèyàn 79 ní irú ẹ̀jẹ̀ dídì kan tó ṣọ̀wọ́n. 19 nínú wọn kú. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ gbé ewu yìí àti ti Kòrónà sórí òṣùwọ̀n, ọjọ́ orí sí ọjọ́ orí. Wọ́n ní kí wọ́n wá òmíràn fún ẹni tí kò tíì pé 30 ọdún, kí àgbà máa gba ti AstraZeneca lọ. Èmi ti lé ní 70, mo gbà á. Ọmọ ọmọ mi ní London jẹ́ ẹni ọdún 26. Pfizer ni wọ́n fún un.