Bàbá Àdúrà Tó Ń Tiro

Mósè Orímóládé Túnọláṣe, tó dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1925, tiro títí ó fi kú. Ìjọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde gbà pé kò sí àrùn tí àdúrà kò lè wò, àwọn ènìyàn sì ń gbé aláìsàn wá bá a kó gbàdúrà fún wọn. Ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò tọ́. Àwọn tó ń sọ ìtàn ẹ̀sìn Kristi ní ilẹ̀ Yorùbá kì í sábà fi ju gbólóhùn kan lọ sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ènìyàn ti lè rí ohun tí ìgbàgbọ́ tuntun náà ṣe fún aláàbọ̀ ara, àti ohun tí kò tètè ṣe.

Kí àwọn òyìnbó oníwàásù tó dé, arọ, abuké, àfín àti aràrá ti ní àlàyé tiwọn. Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn. Ìtàn ní ó mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró lórí amọ̀ mọ́. Àwọn tó mọ lọ́jọ́ náà ni à ń pè ní ẹni òrìṣà. Ìdí nìyẹn tí ẹmu fi di èèwọ̀ fún àwọn tó ń bọ ọ́. Àlàyé yìí bo àwọn ènìyàn náà láṣìírí díẹ̀, torí ẹni tó bá fi ẹni òrìṣà ṣẹ̀sín, iṣẹ́ ọwọ́ òrìṣà ló ń bú. Ṣùgbọ́n nínú ojúbọ ni àpọ́nlé náà ti lágbára jù. Ní ìta, orúkọ tí wọ́n ń pe ènìyàn ò jìnnà sí èébú, ìbéèrè tó sì tètè ń wá sẹ́nu aráyé nígbà tí ọmọ kò bá rìn ni pé ta ló ṣe é. Ó lè jẹ́ àjẹ́, ó lè jẹ́ orogún ìyá, ó lè jẹ́ èpè baba ńlá. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹnìkan dì í rù.

Òwe kan wà tó gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Wọ́n máa ń pa á láti fi sọ pé kí ènìyàn wá gbòǹgbò ọ̀rọ̀, èyí sì dára. Ohun tí a kì í kíyè sí ni pé amúkùn-ún nìkan ló mọ ohun tó ń sọ nínú òwe náà. Àwọn tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Nígbà tí gbogbo Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá tí Àjàyí Crowther ṣe lórí rẹ̀, àwọn orúkọ wọ̀nyí bọ́ sínú ìwé mímọ́. Arọ wà níbẹ̀, amúkùn-ún wà níbẹ̀, ẹlẹ́gba wà níbẹ̀. Ohun tí ìwé náà sọ nípa wọn kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Nínú òfin Léfítíkù, àlùfáà tó ní àbùkù lára kò gbọdọ̀ sún mọ́ pẹpẹ, bó tilẹ̀ lè jẹ nínú oúnjẹ mímọ́. Nínú ìwé Sámúẹ́lì, Mefibóṣétì, ọmọ Jónátánì, tí olùtọ́jú rẹ̀ jẹ́ kó ṣubú nígbà tí wọ́n ń sá, yarọ lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Dáfídì ránṣẹ́ sí i, ó sì ń jẹun lórí tábìlì ọba títí. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn. Nínú Jòhánù orí kẹsàn-án, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí afọ́jú, wọ́n sì béèrè bóyá òun ló ṣẹ̀ tàbí àwọn òbí rẹ̀. Bí ará Abẹ́òkúta ṣe máa bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn, àfi pé wọ́n fi "ta ló ṣẹ̀" rọ́pò "ta ló ṣe é". Jésù ní kò sí èyí tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ìdáhùn yìí jẹ́ tuntun fún ẹni tí wọ́n ti ń wá ọ̀tá rẹ̀ kiri láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ìkàrẹ́-Àkókó ni wọ́n bí Orímóládé sí ní nǹkan bí ọdún 1879, nínú ìdílé ọba. Babaláwo ni bàbá rẹ̀. Ìtàn tí àwọn ọmọ ìjọ ń sọ ni pé ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an ló ti fẹ́ dìde dúró. Ẹ̀rù ba bàbá, ó sì fi agbára tẹ ọmọ náà padà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ti kọ̀ tí kò gbé e mọ́. Ìtàn yìí yẹ ní wíwò dáadáa. Ìjọ ló ń sọ ọ́, síbẹ̀ ìbéèrè àtijọ́ ló ń dáhùn: ta ló ṣe é? Bàbá ló ṣe é, pẹ̀lú agbára ìbílẹ̀. Ohun tí Jésù kọ̀ láti sọ nípa afọ́jú ni àwọn ọmọ ìjọ sọ nípa olùdásílẹ̀ wọn.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rìn, òun jókòó. Nínú ìjókòó náà ni orin àti àdúrà ti wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ní òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó wà nídìí ìjọ ìlú náà gbọ́ orin nínú ilé ìsìn lálẹ́ ọjọ́ kan, ó rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, ìgbà tó ṣílẹ̀kùn, ọmọ kékeré kan ṣoṣo ló bá tó ń dá kọrin. Nígbà tó yá, ó lá àlá: wọ́n fún un ní ọ̀pá, àmì àṣẹ àti adé. Ó sì gba ìtọ́ni nípa omi odò tó ń ṣàn, èyí tí yóò fi wẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ kò sọ gbogbo rẹ̀ bákan náà, pàápàá nípa ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà. Ibi tí ẹnu wọn ti kò ni pé ó dìde, ó rìn, ìrìn náà kò sì tọ́ tán. Ó ń tiro.

Àwọn tó mọ Jẹ́nẹ́sísì yóò rántí Jákọ́bù, tó bá áńgẹ́lì jìjàkadì mọ́jú, tó rí ìbùkún gbà, tó sì tiro kúrò níbẹ̀. Ìbùkún àti àléébù jọ dé lóru kan náà ni. Ìtàn Orímóládé jọ ti Jákọ́bù ju ti arọ ẹnu-ọ̀nà tẹ́ńpìlì lọ, ẹni tí Pétérù fà dìde tó sì ń fò sókè. Ó dùn ún wàásù nípa arọ tó fò. Jákọ́bù nira díẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1916, ẹsẹ̀ tó ń tiro yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn tí ẹsẹ̀ méjì tó pé kò rìn. Ó wàásù ní Ìkàrẹ́ àti káàkiri Àkókó, ó dé ilẹ̀ Ìbíní, ó dé Lọ́kọ́ja, ó sì gòkè Ọya lọ sí ilẹ̀ Hausa. Kò sí ìjọ kankan tó rán an, kò sì sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún un. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbàdúrà fún ẹni tó bá bá pàdé. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, Bàbá Àdúrà. Ní 1924 ó wọ Èkó, ó sì wọ̀ sílé ẹni tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Èbúté-Èrò.

Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1925. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, lọ wo àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì, bí wọ́n ṣe ń tò kọjá ní Campos ní Èkó lọ́jọ́ ọdún Ara Olúwa. Ó rí áńgẹ́lì níbẹ̀. Nígbà tó délé, ó sùn lọ bí ẹni tí kò sí láyé, kò sì jí. Wọ́n wá ènìyàn títí, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí Bàbá Àdúrà. Ó tiro wọlé, ó gbàdúrà, ọmọ náà sì lajú. Àwọn tó ń wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ mọ́. Wọ́n di ẹgbẹ́ àdúrà, wọ́n sì gba orúkọ Séráfù ní oṣù kẹsàn-án. Kérúbù dé lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń tàn kálẹ̀ dé Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Iléṣà àti Òǹdó, àwọn ọ̀dọ́ ló ń rìn ín, Abíọ́dún sì ni aṣáájú wọn. Bàbá dúró sí Èkó, àwọn ènìyàn ń wá bá a nílé. Èyí wà lára ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tó yá, torí òkìkí ń bá ẹni tó ń rìn lọ, àṣẹ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó. Wọ́n pín yà ní 1929. Orímóládé kú ní Òjòkòró, lẹ́bàá Agége, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1933. Abraham Ọnànúgà ló jókòó sípò rẹ̀.

Nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù títí dòní, ẹni tó wọ aṣọ funfun kì í wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọlé, bí Mósè ṣe bọ́ bàtà níwájú igbó tó ń jó. Gbogbo ẹsẹ̀ ló hàn síta nínú ìjọ tí Bàbá Àdúrà dá sílẹ̀, ti ọlọ́lá àti ti tálákà, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìran tó tẹ̀ lé e gbé lérí ni arọ tó fò. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ katakata tó ń tẹ títì kí ìpè tó dé bá a ní 1928. Èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú garawa àti ìgò omi kó lè gbàdúrà sí i. Ẹ̀rí ìwòsàn gba ìlú kan. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ní ibi tó ti máa jẹ́rìí. Ẹni tó gbé omi náà mu, tó fi wẹ̀, tó sì tún wọ́ padà sílé bó ṣe wá, kò ní ibi tí yóò dúró sí. Bó bá ní ìgbàgbọ́ ni, wọ́n á ní, ì bá ti dìde. Nígbà àtijọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n ń dì í rù. Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ni. A ò lè sọ pé àwọn wòlíì ló pète èyí, wọ́n ń gbàdúrà fún ènìyàn tọkàntọkàn ni. Ṣùgbọ́n ìjọ tí kò ní orin fún ẹni tí kò rí ìwòsàn ti lé e síta láìfọwọ́ kàn án.

Ọ̀nà mìíràn ti ọ̀dọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn là. Andrew Foster, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí àrùn sọ di adití lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ní Alabama, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, ní 1954. Ó dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ sí àwọn adití ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀. Ó dé Gánà ní 1957, ó sì dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò bá ẹni tó fẹ́ la etí rẹ̀. Ó bá àgbàlagbà tí kò gbọ́ràn bíi tirẹ̀, tó kàwé, tó gbéyàwó, tó ń fi ọwọ́ sọ ìtàn Jésù. Foster kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rwanda ní 1987, lẹ́yìn tó ti dá ilé ìwé tó lé ní ọgbọ̀n sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà.

Ẹlòmíràn gba ọ̀nà orin. Ní oṣù kejìlá ọdún 1997, ọkọ̀ ṣe jàǹbá pẹ̀lú Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpòtì-Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ rédíò nígbà náà. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fara gbá, kò sì lè rìn mọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó gbé jáde lọ́dún kejì, tó pè ní Bitter Experience, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ó sì fi dúpẹ́. Kò dúró kí ẹsẹ̀ padà kó tó yin Ọlọ́run, ó sì dà bíi pé ibẹ̀ ni àwọn olùgbọ́ ti dá a mọ̀. Orin tùǹgbá rẹ̀ di orin òde ìnáwó: akọrin jókòó lórí kẹ̀kẹ́, àwọn onílù dúró yí i ká, ìyá ìyàwó jó bọ̀ pẹ̀lú gèlè àti owó lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. Ní òde bẹ́ẹ̀, ẹni tó dúró ló ń tẹ̀ ba fún ẹni tó jókòó. Ní 2015 ó dá ilé iṣẹ́ rédíò Fresh FM sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Láàárín ìgbà náà, orúkọ ń yí. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń sọ pé akanda ẹ̀dá, ìyẹn ẹni tí Ọlọ́run dá ní àkànṣe, dípò aláàbọ̀ ara, tó ń sọ pé ara ènìyàn kò ju ìlàjì lọ. Àwọn kan tó ń jẹ́ orúkọ tuntun yìí fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn mìíràn rí i bí ìpọ́nni lásán, torí akanda ẹ̀dá náà kò tíì lè wọ ọkọ̀ danfo láìjẹ́ pé wọ́n gbé e. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí aláàbọ̀ ara léèwọ̀, òfin náà sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àtẹ̀gùn ṣì ni wọ́n ń gùn dé ẹnu ọ̀nà, òmíràn sì tún wà níwájú pẹpẹ. Nígbà tí wọ́n bá ké sí àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ máa ń dúró nísàlẹ̀, kí wọ́n na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i.