Ìdí Tí Àwọn Aboyún Kan Fi Ń Bímọ Sílé

Ìwádìí tí àjọ ìkànìyàn ṣe lórí ìlera ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ìbímọ 100, bí 59 ló wáyé nílé. 39 péré ló wáyé ní ilé ìwòsàn. Kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan ló ń fà á. Agbára àwọn kan kò ká owó ìtọ́jú àti owó ọkọ̀. Ilé ìwòsàn jìnnà sí àwọn mìíràn, ìrọbí sì lè bẹ̀rẹ̀ lóru. Àwọn kan ń dúró de àṣẹ ọkọ. Ní apá Àríwá, ọ̀pọ̀ obìnrin kò fẹ́ kí ọkùnrin gbẹ̀bí fún wọn. Àwọn mìíràn kò sì gbàgbé èébú tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n lọ bímọ ní ilé ìwòsàn.

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè pa ìyá láàárín wákàtí 2. Nítorí náà, ẹ má ṣe bá aboyún wí. Ẹ fi ọ̀yàyà bi í léèrè ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Kí oṣù rẹ̀ tó pé, ẹ bá òun àti ọkọ rẹ̀ ṣètò owó, ọkọ̀ àti ẹni tí yóò bá a lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ìrọbí bá ju wákàtí 12 lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de ẹnikẹ́ni.