Ìdọ́gba Lórí Ahọ́n: Ìjọba Faransé àti Ọ̀rọ̀ Arọ́pò-Orúkọ ní 1793

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé 'o' kì í ṣe ẹgbẹ́ 'ẹ' nínú èdè wa. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú èdè Faransé: 'tu' fún ojúgbà àti ọmọ-ọ̀dọ̀, 'vous' fún ẹni ọ̀wọ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin ti fagi lé oyè àjogúnbá ní oṣù kẹfà 1790, àwọn kan rí i pé oyè ṣì kù lórí ahọ́n.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1793, wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ wá síwájú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Paris pé kí 'tu' di dandan fún tolówó ti tálákà. Ìgbìmọ̀ yìn wọ́n, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di òfin. Síbẹ̀, àwọn alákòóso bẹ̀rẹ̀ sí í fi 'tu' kọ lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọjọ́ tí ó ṣáájú ẹ̀bẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 30, Ìgbìmọ̀ kan náà ka ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin léèwọ̀. Wọ́n ń pe obìnrin ní 'citoyenne', ìyẹn ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò.

'Tu' àfipáṣe rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú Robespierre ní 1794. Ṣùgbọ́n òfin oṣù kìíní ọdún náà, tí ó pín ogún dọ́gba fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, fi ipa sílẹ̀ nínú ìwé òfin 1804. Nítorí náà, bí a bá ń wọn ìdọ́gba, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí a pín, kí a tó bèèrè bí a ṣe ń kí ara wa.