Ojú Ọ̀nà Tóóró kan Láàrin Ọjà Èkó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, bí ẹ bá ti lọ ra aṣọ ọdún rí ní agbègbè ọjà Balógun ní Èkó, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gba Òpópónà Martins kọjá láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ gbà. Ọ̀nà náà kò fẹ̀. Aláṣọ wà lọ́tùn-ún, oníbàtà wà lósì, alábàárù ń pariwo “Ẹ yàgò lọ́nà!” lẹ́yìn ẹni, olúkúlùkù sì ń ṣọ́ àpò rẹ̀. Ta ni yóò ráyè gbójú sókè? Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò bá gbójú sókè níbẹ̀ kò ní rí mọ́sálásí àtayébáyé tí ó dúró láàrin àwọn ìsọ̀.

Nígbà kan tí a kó àwọn ọmọ ilé-kéwú wa lọ síbẹ̀, a bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta ìbọ̀sẹ̀ nítòsí pé ta ni ó kọ́ mọ́sálásí yìí. Ó ní, “Ààfáà, mọ́sálásí ọjà ni o.” Kò kúkú parọ́. Bí ìrun ọ̀sán bá tó, àwọn ọlọ́jà ni ń kún un. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ dùn wá, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà tóóró yìí wà lára ìdí tí ọmọ Mùsùlùmí fi ń gbé kéwú àti ìwé òyìnbó pọ̀ sínú àpò kan lónìí.

Mohammed Shitta ni orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ. Ìlú Waterloo ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1824, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ní 1844 ìdílé náà padà wá sí Àgbádárìgì. Ní 1853 Shitta wọ Èkó. Òwò ni ó gbájú mọ́. Ó ń ná odò Ọya títí dé Bìdá, Ọlọ́hun sì bùkún un débi pé Olówó Pupa ni àwọn ènìyàn ń pè é. Olówó pọ̀ ní Èkó ìgbà náà. Ohun tí ó fi owó ṣe ni a ń sọ.

Ní 1891 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí mọ́sálásí náà. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti Bùràsíílì padà wálé, tí a ń pè ní Àgùdà, ni ó ṣe aṣíwájú iṣẹ́. Sanusi Aka, ọmọlé ilẹ̀ wa, bá a ṣe é. Ìdí nìyí tí ara ilé náà fi jọ ilé Àgùdà. Owó Sàró, ọwọ́ Àgùdà àti ti ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n para pọ̀ kọ́ ilé Ọlọ́hun.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, 4 July, 1894, kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Gómìnà Gilbert Carter ni ó ṣe alága. Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀. Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú nì, wà níbẹ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì jàǹkànjàǹkàn bí J. P. L. Davies, Ọ̀túnba Payne àti R. B. Blaize náà kò gbẹ́yìn. Kí àwọn tí ń fi ẹ̀sìn bára wọn jà lóde òní gbọ́ èyí.

Àlejò tí gbogbo ojú ń wò ni Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti Liverpool, tí ó gba Ìsìláàmù ní 1887. Súlútáànù Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì ni ó rán an. Ó mú àmì ẹ̀yẹ Medjidie ìpele kẹta wá fún Shitta, àti oyè Bey, tí ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ mọ́ orúkọ títí di òní. Àmì ẹ̀yẹ yìí ni àwọn àgbà máa ń ròyìn. Lójú tiwa, lẹ́tà tí ó bá a wá jù ú lọ, nítorí nínú rẹ̀ ni Súlútáànù ti rọ àwọn Mùsùlùmí Èkó pé kí wọ́n gba ẹ̀kọ́ ìwé òyìnbó.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó, ẹ rántí pé ọwọ́ ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà nígbà náà. Ẹ̀rù ń ba òbí pé ọmọ tí ó bá jáde nílé ní Súlè lè padà dé ní Samuel. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nínú ilé tiwa gan-an, bàbá àgbà wa kan ní orúkọ méjì, ọ̀kan fún wàláà, èkejì fún rẹ́jísítà ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí olórí Mùsùlùmí tí ó tóbi jù láyé ìgbà náà bá ní ìwé kíkà kò ba ìmọ̀ Ọlọ́hun jẹ́, ta ni yóò tún sọ pé kèfèrí ni ẹni tí ó mú ọmọ lọ? A kò sọ pé lẹ́tà nìkan ni ó ṣe é. Blyden náà lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé Mùsùlùmí sí Èkó. Nígbà tí ó di 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ilé-ìwé fúnra wọn.

Shitta Bey kò pẹ́ rí èso rẹ̀. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn ayẹyẹ náà, 4 July, 1895, ó jáde láyé. Kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ.

Mọ́sálásí rẹ̀ ṣì dúró. Ní 2013, ìjọba kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà wá. Ilé àwọn Àgùdà tí ń jẹ́ Ilojo Bar ní ìta Tinúbú ti wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti 1956. Ní 2016 wọ́n wó o lulẹ̀. Mọ́sálásí Gbogboògbò Èkó àtijọ́, tí wọ́n ṣí ní 1913, ti lọ pẹ̀lú, tuntun ni ó dúró sí ipò rẹ̀. Ilẹ̀ wọ́n ní Martins, ojoojúmọ́ ni ìsọ̀ sì ń ga sí i.

Lọ́jọ́ tí a kó àwọn ọmọ lọ, lẹ́yìn tí a kírun tán, ọ̀dọ́mọkùnrin oníbọ̀sẹ̀ náà pe ọ̀kan nínú wọn. Ó ní kí ó tún orúkọ bàbá náà pè fún òun. Ọmọ náà pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ ọdún rẹ̀ pẹ̀lú.