Òkìtìpupa àti Enugu: Ọ̀rọ̀ Omi Kùsà

Olóòtú ètò bi mí léèrè pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ omi àti ohun àlùmọ́ọ́nì. Orúkọ ìlú ni ó mú mi dé ibẹ̀. "Òkìtì pupa" kò ṣòro láti túmọ̀. Irin tí ó wà nínú ilẹ̀ wa ní Ìkálẹ̀ ti dípẹtà, òun ni ó mú un pọ́n. Enugu ní tirẹ̀, "orí òkè" ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Ìgbò. Ti òkè ni n ó kọ́kọ́ sọ, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kàn wá.

Ní ọdún 1909 ni Albert Kitson, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba amúnisìn, rí èédú inú ilẹ̀ ní agbègbè Udi. Ní ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Ìtàn kò gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, kò sì yẹ kí ó gbàgbé. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kọ́ ọmọ ní ìtàn omi ibẹ̀?

Òkúta wẹ́wẹ́ kan wà nínú èédú náà tí ó ń dán bíi góòlù. Irin àti imí ọjọ́ ni ó so pọ̀ di òkúta náà. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò kàn án, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Bí a bá gbẹ́ ihò tọ̀ ọ́ lọ, tí afẹ́fẹ́ àti omi bá a níbẹ̀, imí ọjọ́ a di ásíìdì, irin a sì yòrò sínú omi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ó jẹ́ pé lára irin yìí ni wọ́n ti ń rí agbára jẹun. Wọ́n a mú iṣẹ́ náà yá kánkán. Nígbà tí omi náà bá jáde sí gbangba, tí ó pàdé odò tí ó mọ́, irin a dípẹtà, a sì fi ẹrẹ̀ pupa bo ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ẹja ń yé ẹyin sí. Odò Ekulu àti Nyaba ni ó ń gba irú omi bẹ́ẹ̀ láti inú kùsà Onyeama àti Okpara. Nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, omi kún inú àwọn kùsà náà. Lẹ́yìn náà ni a pa wọ́n tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n omi kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní orí òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, ẹnu kùsà góòlù kan tí a ti pa tì já ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2015. Gálọ́ọ̀nù omi tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta da jáde, odò Animas sì pọ́n bí epo.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ọ̀dà ni tiwa. Ní àkókò tí Kitson ń wá èédú kiri, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim dá sílẹ̀, ń gbẹ́ kànga ní ẹkùn wa. Epo rọ̀bì ni ó ń wá ju ọ̀dà lọ. Bergheim kú ní ọdún 1912. Ogun ọdún 1914 sì fòpin sí iṣẹ́ náà. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tún yẹ ilẹ̀ náà wò fínnífínní. Ilẹ̀ ọlọ́dà náà gùn tó kìlómítà 120, láti Ògùn gba Oǹdó kọjá dé Ẹdó. Ní Agbabu, ọ̀dà ń yọ lẹ́nu páìpù àtijọ́ títí di òní.

Ẹ wo Kánádà. Ní Alberta, láti ọdún 1967 ni wọ́n ti ń ká ilẹ̀ kúrò lórí iyanrìn ọlọ́dà, tí wọ́n sì ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Omi ìdọ̀tí rẹ̀ di adágún ńláńlá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ó lé ní 1,600 bà sínú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì kú. Ilẹ̀ tiwa rẹlẹ̀, kànga wa kò jìn, ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ ni odò wa sì ń ṣàn sí. Bí a bá wa ọ̀dà ní Òde-Ìrèlè, ẹni tí ó ń pẹja létí òkun yóò gbọ́ nínú rẹ̀.

Èmi kò sọ pé kí a má wà á. Mo ní kí a kọ́kọ́ mọ omi tí a ní. Omi inú igbó a máa kan díẹ̀ látilẹ̀ nítorí ewé tí ń jẹrà sínú rẹ̀. Bí a kò bá wọ̀n ọ́n nísinsìnyí, lọ́la ilé-iṣẹ́ yóò ní bí ó ti wà nìyẹn. Nǹkan bíi epo tí ń dán lójú omi náà kì í ṣe ọ̀dà nígbà gbogbo. Ẹ fi igi rú u: bí ó bá fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpá, kòkòrò irin ni, bí ó bá tún so pọ̀, epo ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, bébà lítímọ́ọ̀sì kò wọ́n. Ẹ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí odò lóṣooṣù. Kí wọ́n kọ ọjọ́ sílẹ̀, àwọ̀ omi, ohun tí bébà fi hàn, àti orúkọ odò náà gan-an bí àwọn àgbà Ìkálẹ̀ ti ń pè é.